Ẹlẹ́ńjìnnì Mẹ́ta Aláwọ̀ Ewé

Ẹ má kán mi lójú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ó dà bí egungun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun: kò pa èèyàn, kò sì jẹ́ kí èèyàn gbádùn oúnjẹ. Bí bàálù bá ń kọjá lórí ilé mi lónìí, n kì í gbójú sókè. Àwọn ọmọ ọmọ mi á sáré jáde, wọn á máa pariwo, wọn á máa nawọ́ sókè, èmi á jókòó síbi tí mo wà. Etí nìkan ni mi ò rí ọgbọ́n ta sí. Kí àwọn ọmọ tó dé ẹnu ọ̀nà, etí ti sọ fún mi: ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni, ọ̀kan lábẹ́ apá ọ̀tún, ọ̀kan lábẹ́ apá òsì. Gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹlẹ́ńjìnnì méjì tán báyìí. Wọ́n jọra bí ẹyin inú àwo kan náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé Àgbádárìgì. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi kúrò ní Èkìtì wá síbẹ̀, jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní Èkìtì lọ́hùn-ún, bàálù kì í ju ìlà funfun kan lójú ọ̀run lọ, o ò lè mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ti Ìkejà lọ sí Gánà, sí Àbíjáànì, sí Amẹ́ríkà pàápàá, orí etí òkun wa ni wọ́n ń gbà. Àwọn tó ń bọ̀ wálé a ti máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní àárọ̀ tí ojú ọ̀run bá mọ́, díẹ̀ ló kù kí o ka fèrèsé ara wọn.

Inú ìlú kọ́ ni òkun wà. Ọ̀sà ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa, o ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Topo, kí o rìn gba inú oko àgbọn, kí o tó rí òkun gan-an. Gbogbo Sátidé ni mo ń kọjá. Màá tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ igi, màá gbé ojú sókè. Mo mọ̀ wọ́n bí darandaran ṣe ń mọ mààlúù rẹ̀. Boeing 707, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, tẹ́ẹ́rẹ́, a máa fa èéfín dúdú lẹ́yìn bí àtùpà tí wọn kò gé òwú rẹ̀. 727, gbogbo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó jọ sí ìdí, bí ẹni tó di gbogbo ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. 747 tí gbogbo ayé ń pè ní Jọ́ńbò, tòun ti iké rẹ̀. Fokker kékeré tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Inú kàlẹ́ńdà àti àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni mo ti kọ́ orúkọ wọn. Lọ́dún tí ìjọba ṣì ń rántí san owó ìsinmi fún olùkọ́, mo fi tèmi ra awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó mi bá mi jà títí ọdún fi parí.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn ni DC-10. Ẹ́ńjìnnì kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta wà lókè ìdí, ìrù sì gba orí rẹ̀ yọ. Kì í ké bí àwọn yòókù. Ńṣe ló ń kùn, bí àgbà tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ti ìjọba wa, aláwọ̀ ewé, tí oòrùn bá kọlu ìrù rẹ̀, àfi bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo máa ń rò nígbà náà pé èmi náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yẹn ń pa mí báyìí, ẹ̀rín tí kò dé eyín.

Ọkùnrin Ẹ̀gùn kan wà tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi kọjá. Ẹgbẹ́ ni wá, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ìsinmi. Bí mo bá ti gbé awò mi kọ́ ọrùn báyìí, ó ti bẹ̀rẹ̀. Yóò ní òun ti rí ẹni tí kò ní mààlúù tó ń ka ìwo, ṣùgbọ́n èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí òun rí tó tún ń san owó ọkọ̀ lọ kà á. Yóò bi mí bóyá àwọn ará òkè ti kí mi padà lọ́sẹ̀ yìí. Mo ní mo ń dúró de ọjọ́ tí èmi náà máa wọ̀ ọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọ bàtà tuntun ná.

Mi ò tíì wọ bàálù títí di òní olónìí.

Ìyá tó ni ilé tí mo ń gbé, ọmọ Topo ni. Màmá ni gbogbo ilé ń pè é. Àdín àgbọn ni iṣẹ́ rẹ̀. Yóò rin àgbọn, yóò da omi sí i, yóò fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, yóò gbé wàrà rẹ̀ kaná títí àdín yóò fi yọ. Òórùn rẹ̀ wà lára gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, ó wà lára ìwé àwọn ọmọ tí mo ń máàkì. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù Àpápá. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àwa méjèèjì la jọ máa ń jókòó sí ìta ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Ìgbà náà ni ṣọ́jà gbàjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ò sí láyé nígbà náà, kí ni màá sọ fún yín? Wọ́n ní ìlú ti bàjẹ́, àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n ti ẹnubodè pa. Àgbádárìgì tí ẹnubodè ń bọ́, ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n tì. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ ìfọṣọ, a ń tò fún un bí ẹni tó fẹ́ rí ọba, bí a bá dé iwájú, wọ́n á ní ó ti tán. Owó oṣù olùkọ́ a máa pẹ́ débi pé bó bá dé, ẹni tí a fẹ́ fi ra oúnjẹ fún ti gbàgbé ebi. Ní wáàfù, ọkọ̀ òkun kò wọlé mọ́, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Ọmọ Màmá wà lára wọn. Ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wálé nínú ọ̀rá, ó gbé e kọ́ ara ògiri, ó sì jókòó kojú sí i títí oúnjẹ alẹ́ fi tutù.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó rí ọ̀nà Amẹ́ríkà. Ọdún méjì ló sọ pé òun máa lò. Gbogbo wọn ló ń sọ ọdún méjì nígbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Àwọn ará Topo ní àṣà kan. Bí ẹnì kan bá ń lọ sí ìrìn àjò lójú omi, ará ilé rẹ̀ á sìn ín dé etí omi, á máa ju aṣọ funfun sí i, kò sì gbọdọ̀ kẹ́yìn sí ọkọ̀ náà nígbà tí ojú ṣì tó o. Bí ìkùukùu bá bo omi, wọ́n á dáná èèpo àgbọn, kí èrò inú ọkọ̀ lè rí èéfín kó mọ̀ pé ará ilé òun ṣì dúró. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ìgbà tí ojú ò bá rí i mọ́ rárá, kí wọ́n tó yí padà. Ẹni tí wọ́n bá kẹ́yìn sí kí ó tó wọlé, ọ̀nà ilé á dàrú mọ́ ọn lójú. Tíṣà jọ́gíráfì ni mí, mo mọ ìdí tí ojú kì í fi í rí ọkọ̀ mọ́ bó bá jìnnà. Mo gbọ́ àṣà náà, mo rẹ́rìn-ín nínú, mo gbé e kalẹ̀.

A rò pé Màmá máa bá wa lọ sí Ìkejà lọ sin ọmọ rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ti bi àwọn tó ti débẹ̀ léèrè, wọ́n sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀, bí èrò bá ti wọ ibẹ̀, ó parí.

"Ẹnu ọ̀nà," ó ní. "Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ta ló sìn ín? Topo ni ìyá mi ti sin bàbá mi lọ sí Gánà, ó sì bọ̀. Topo ni màá dúró sí. Ìwọ, Tíṣà, tí o mọ àwọn nǹkan yìí bí ẹni mọ ẹbí ìyàwó rẹ̀, ìwọ ni o máa fi èyí tó gbé e hàn mí."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bi mí bóyá èyí tí wọ́n ní kí òun wọ̀, ọmọ ilé ire ni. Mo ní DC-10 ni, aláwọ̀ ewé, kò sí ilé tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un kó bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fún un ní ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́bàá fèrèsé, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀ máa wà bí bàálù bá ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Màmá ní òun máa dá èéfín, kó wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Ó gbà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ nígbà tó gbà yẹn.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a wọ ọkọ̀. Màmá wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù. Aṣọ funfun tó gbé dání, tuntun ni, ọ̀kan nínú àwọn tó rà láti fi sẹ́ àgbọn, kò tíì kan omi. Ọlọ́kọ̀ ọ̀rẹ́ mi wò ó, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló bá a kó èèpo àgbọn jọ nígbà tí a dé etí òkun, òun ló ṣáná sí i. Èéfín náà gòkè, ó funfun, ó nípọn.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó ń kùn bọ̀ láti ìlà oòrùn. Mo gbé awò sójú: apá méjì, ẹ́ńjìnnì ìdí, ìlà ewé. Mo sọ fún Màmá pé òun nìyẹn. Mo gbé awò náà fún un, ó ní òun ò fẹ́ awò, ojú tí òun fi tọ́jú rẹ̀ ni òun máa fi sìn ín. Ó na aṣọ náà sókè, ó ń jù ú, ó ń jù ú, kò pariwo. Ohùn kékeré kan ló ń sọ ọ̀rọ̀ ní èdè Ẹ̀gùn, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bàálù náà dé orí wa, ó kọjá, ó kọjú sí òkun.

Àwọn ṣọ́jà yọ láti inú oko àgbọn.

Kí ẹ lóye mi: láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè, ojú omi ni fàyàwọ́ ń gbà. Èéfín ni wọ́n fi ń pe ọkọ̀ wọn lọ́sàn-án, aṣọ ni wọ́n fi ń sọ fún un pé ọ̀nà dára. Gbogbo etí òkun ló mọ èyí. Kò sì sí ẹni tó rò pé ohun tí ìyá àti ìyá ìyá wọn ń ṣe fún ọkọ àti ọmọ wọn ti di ọ̀ràn.

Mẹ́ta ni wọ́n. Èyí tó ṣáájú, ọmọ Yorùbá ni, ohùn rẹ̀ jọ ti ará Ọ̀yọ́. Kò lè ju ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì lọ́dún tó ṣáájú lọ.

"Ìwọ, ta ni ò ń ju aṣọ sí?"

Ohun àkọ́kọ́ tó gún mi lọ́kàn nìyẹn. Ìwọ. Sí obìnrin tó lè bí ìyá rẹ̀.

Màmá kò yíjú. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ó ń lọ."

"Ọmọ rẹ dà? Òkun ni mo rí."

Mo nàka sókè, mo ní inú bàálù yẹn ni ọmọ wọn wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọlé tán, kò ní pẹ́. Ó wo òkè. Ó wo èéfín. Ó wo awò tó wà lọ́rùn mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ fún àwọn yòókù pé fàyàwọ́ ti kọ́ àwọn ará ibí ní irọ́ tuntun, pé bàálù ni wọ́n ń sìn láti Topo. Àwọn méjì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà wa iyanrìn bo iná.

"Yí padà," ó sọ fún Màmá. "Kojú sí mi nígbà tí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ọmọ mi, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Jẹ́ kó wọlé."

Ó di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, ó yí i padà. Kò lù ú. Mi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn, kò lù ú. Bí ẹni yí ìkòkò padà lórí ààrò ló ṣe yí i, ó kojú rẹ̀ sí igi àgbọn, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Mo rí i bí Màmá ṣe ń fa ọrùn sẹ́yìn bí ẹyẹ. Ṣọ́jà náà fi ọwọ́ ti orí rẹ̀ síwájú.

Èmi ńkọ́? Wọ́n já awò lọ́rùn mi, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n kojú sí òkun. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ yẹn, iwájú mi gan-an ni bàálù náà wà. Ó ń kéré. Ó di ẹyẹ, ó di eṣinṣin, ó di kókó kan lára oòrùn tó ń wọ̀. Mi ò ní ibòmíì tí mo lè wò. Èmi tí mi ò bí i, tí mi ò gbà á gbọ́, èmi ni mo sìn ín wọlé.

Ọlọ́kọ̀ ti yọ́ kúrò, ó sáré lọ pe olórí àdúgbò. Olórí náà ló wá bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fi wá sílẹ̀. Awò mi kò bá wa bọ̀. Mo tún rí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lọ́rùn ọ̀gá wọn kan, lójú ọ̀nà tó lọ sí Kankon. Ó fi ń wo àwọn obìnrin tó ru ẹrù.

Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀, Màmá bi mí pé, "Ṣé o rí i títí?"

Mo ní, "Mo rí i títí, Màmá. Ó wọlé dáadáa."

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó rí i."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ká aṣọ náà sórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá iyanrìn ara rẹ̀ dànù.

Ní ọdún kejì, ẹnì kan tó ti Amẹ́ríkà dé jíṣẹ́ ọmọ Màmá fún wa. Ó ní ọmọ náà rí èéfín náà. Ó fi ojú mọ́ fèrèsé, ó rí i kedere, ó tilẹ̀ fi han ẹni tó jókòó tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún wò, kò sí mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun bi Màmá, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni, tó fi tètè lọ sílé.

Màmá gbọ́ ọ tán. Ó ní kí oníṣẹ́ náà sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ni. Nígbà tí onítọ̀hún lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ti dí ọ̀nà òun, kò ní wá ọ̀nà mọ́. Jẹ́ kó máa bínú sí mi. Ẹni tó ń bínú sí ìyá rẹ̀ á wá bá a jà lọ́jọ́ kan."

Àṣà náà ní àtúnṣe. Ẹni tí wọ́n kẹ́yìn sí, wọ́n lè tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe bí wọ́n bá lọ pàdé ọkọ̀ tó gbé e lọ nígbà tó bá ń bọ̀, kí wọ́n kojú sí i láti ìgbà tó bá yọ títí yóò fi kọjá. Ọkọ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe òmíràn. Màmá ní kí n máa mú òun lọ. Bàálù Amẹ́ríkà máa ń dé láàárọ̀ Sátidé. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ti jẹ́ ayọ̀ mi ṣe di iṣẹ́ tí a gbé lé mi lọ́wọ́. Àwa méjèèjì á kọjá sí Topo, òun á gbé aṣọ rẹ̀ dání, a á jókòó, a á kojú sí ìwọ̀ oòrùn.

Kí n má tàn yín, ìgbà kan wà tó dùn. Màmá mọ̀ wọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Kò fẹ́ nọ́ńbà òyìnbó, orúkọ tirẹ̀ ló sọ wọ́n. Jọ́ńbò ni Oníké. 707 ni Eléèéfín. Fokker ni Aláròyé. DC-10 ni Tiwa. Ọlọ́kọ̀ á máa bi í bóyá Oníké ti bímọ, Màmá á ní ó bí ìbejì, ó ń wá ẹni tó máa fọ aṣọ wọn, ṣé ọlọ́kọ̀ ráyè? Gbogbo ìgbà tí Tiwa bá ń bọ̀, ẹ̀rín á tán. Á dìde, á na aṣọ, á kojú sí i títí. Lẹ́yìn náà á ní, "Ó kù díẹ̀."

Díẹ̀ náà kò tán. Ṣọ́jà kan lọ, ṣọ́jà mìíràn dé. Wọ́n ṣí ẹnubodè, owó wa sì di ewé. Ọdún tó ń bọ̀ ni ọmọ náà ń dé, gbogbo ọdún ló ń jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Ìwé tó fi ń gbé níbẹ̀ kò pé. Bó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́, àwa náà tó sì yẹ kó wá bá, kí la ní? Mo lóye rẹ̀. Ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Etí rẹ̀ ló kù. Bó bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, á mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan láti apá ilẹ̀ Faransé náà ń gbé DC-10 gba orí wa, ohùn kan náà ni, àwọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Á wá bi mí pé, "Ewé ni?" Màá wo ìrù rẹ̀ lójú oòrùn, màá dá a lóhùn.

Sátidé kan, aláwọ̀ ewé kò wá. Èyí tó tẹ̀lé e, kò wá. Mo lọ sí Ìkejà fún ọ̀rọ̀ owó oṣù wa, mo dúró lẹ́yìn wáyà pápákọ̀, mo sì rí i. Wọ́n ti fà á sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun àti 707 méjì. Taya ti rọ̀. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ìdí rẹ̀ lọ, ihò ló kù níbẹ̀, ẹyẹ ń wọlé, ẹyẹ ń jáde. Àwọn ọ̀gá tó wà lórí oyè nígbà náà ń wọ bàálù tiwọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo dúró títí ọlọ́pàá kan fi lé mi.

Mo sọ fún Màmá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó bi mí bóyá àìsàn ni àbí ó ti kú. Mo ní ó jọ pé ó ti kú. Ó ní nǹkan irin kì í kú, wọ́n á tún un ṣe. A tún ń lọ.

Ní àárọ̀ kan nínú ọyẹ́, ó gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ. Ó dìde. Òótọ́ ni, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni, ó ń kùn bọ̀ lórí òkun. Ó na aṣọ sókè.

"Tiwa ni. Tíṣà, Tiwa ni. Ewé ni, àbí?"

Oòrùn kọlu ìrù rẹ̀. Mo wò ó dáadáa.

"Búlúù ni, Màmá."

Ó dúró bẹ́ẹ̀, aṣọ wà lókè, títí bàálù fi kọjá tí ariwo rẹ̀ fi lọ. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

"Ojú rẹ mú jù," ó ní.

A kò lọ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jí, mo gbọ́ ìró igi ìdáná. Màmá ti ń ṣe àdín. Aṣọ funfun náà ló nà sẹ́nu agbada, ó ń da àgbọn sí i, ó ń fún un. Mo dúró, mo ń wò ó. Ó ní ṣé mo fẹ́ kó ṣòfò ni. Òun ló fi ń sẹ́ àgbọn láti ọjọ́ náà lọ, ọdún lórí ọdún, ó pọ́n, ó le, ó sì ń rùn. Èmi náà jẹ nínú àdín náà. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ nínú ilé yẹn tí kò dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ó kú lásìkò ṣọ́jà tó kẹ́yìn nínú wọn. Ọmọ rẹ̀ fi owó ìsìnkú ránṣẹ́, owó tó pọ̀, kò wá. Topo ni wọ́n fẹ́ sin ín sí. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ní etí ọ̀sà, àwọn ẹbí rẹ̀ wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé e. Ọlọ́kọ̀ ọ̀rẹ́ mi, tó ti di àgbà, ló di àjẹ̀ mú. Kó tó wa ọkọ̀, ó wo èbúté, ó bi wá pé ta ló dúró fún ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sí etí omi, kó má wọ ọkọ̀, kó máa wò ó títí. Gbogbo ẹbí ti wọ ọkọ̀ tán.

Mo ní èmi ni.

Mo wọlé lọ mú aṣọ náà lẹ́yìn ààrò, nítorí mi ò rí òmíràn tó yẹ. Mo dúró. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ. Mo na aṣọ náà sókè, ṣùgbọ́n àdín ti mu ún, ó wúwo, afẹ́fẹ́ kò lè gbé e. Ó so rọ̀ lọ́wọ́ mi bí awọ ẹran. Ibi tí mo ti ń mì í ni bàálù kan ti ń bọ̀ lókè, láti ìwọ̀ oòrùn, ó ń sọ̀kalẹ̀. Etí mi ń kà á. Gbogbo ara ń fà mí pé kí n gbójú sókè, kí n wo ìrù rẹ̀.

Ọkọ̀ kò tíì wọlé. Mi ò gbójú sókè.